Ṣé tẹ́mósítáàtì ló bàjẹ́ ni, àbí gáàsì ló tán? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, AC split 1.5HP kan wà nínú yàrá mi ní Ọbáńtokò, Abẹ́òkúta. Kì í ṣe inverter. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Tí mo bá tan AC yìí, atẹ́gùn tútù ni yóò máa fẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 8 sí 10, lẹ́yìn náà atẹ́gùn lásán ni. Mo gbé e sí 18, ooru ò lọ. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ní gáàsì ló tán, ó fi kún un. Nígbà tó di oṣù kejì, ó tún fi kún un. Oníṣẹ́ kejì ní tẹ́mósítáàtì ló bàjẹ́, pé kí n ra bọ́ọ̀dù tuntun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lọ́jọ́ tí ọmọ mi ṣí ìdérí iwájú láti fọ fílítà, tó gbàgbé láti dé e padà, AC náà ṣiṣẹ́ dáadáa fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Ìyá Ìbejì, Ọbáńtokò."

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ooru yìí o, ẹ sì kú ìnáwó gáàsì. Ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù kankan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fi gáàsì kún ẹ̀rọ yẹn títí a ó fi mọ ohun tó ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ ìdérí tí ọmọ yín gbàgbé sílẹ̀ yẹn wúlò ju gbogbo ohun tí oníṣẹ́ méjèèjì sọ lọ, a ó sì padà sí i.

AC tó bá dákẹ́ nígbà tí yàrá ṣì gbóná, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ sí i. Yálà bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó iná inú AC tó ń darí rẹ̀, ló pàṣẹ pé kó dákẹ́, tàbí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì yí po nínú páípù, ni ìyà jẹ débi pé ó já iná ara rẹ̀. Tẹ́mósítáàtì wà nínú ti àkọ́kọ́. Iná tí kò lágbára, kàpásítọ̀ (ohun tó ń ran kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra) tó ti kú, ìdọ̀tí ẹ̀rọ ìta àti gáàsì tó pọ̀ jù wà nínú ti ìkejì. Oníṣẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, ṣe ni yóò máa méfò, ẹ̀yin ni yóò sì máa san owó rẹ̀.

Ìdánwò tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ tan AC, ẹ gbé e sí 18, kí ẹnì kan sì lọ dúró nítòsí ẹ̀rọ ìta. Nǹkan méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: fáànù tí ojú ń rí, àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń kùn nísàlẹ̀ tí páípù rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ AC split tí kì í ṣe inverter (èyí tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kì í yí eré padà), wáyà kan náà láti ara rílé, ìyẹn súìṣì kékeré inú bọ́ọ̀dù, ló ń gbé iná lọ fún àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí fáànù àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá dákẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ọ̀dù ló pàṣẹ. Bí fáànù bá ń yí lọ ṣùgbọ́n tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti panu mọ́, bọ́ọ̀dù kò jẹ̀bi rárá: iná ń dé ibẹ̀, ofalóòdù tó ń dáàbò bo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ló já a kúrò. Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ "gùnùnùn" fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lẹ́yìn náà "kẹ́", kó tún dákẹ́. Ofalóòdù nìyẹn.

Ẹ ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sàn-án àti ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́. Kí ẹ sì rántí pé lẹ́yìn tí AC bá ti dákẹ́, bọ́ọ̀dù máa ń dá kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ dúró fún bí ìṣẹ́jú 3 kó tó jẹ́ kó tún gbéra, kí gáàsì inú páípù lè rọlẹ̀. Ìdádúró yẹn kì í ṣe àbùkù, ẹ má tìtorí rẹ̀ máa tẹ rìmóòtù léraléra.

Kó tó di pé a fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo rìmóòtù náà dáadáa. Àmì yìnyín, èyí tí wọ́n kọ Cool sí, ló gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀. Bó bá jẹ́ Dry ló wà, AC yóò máa tanná yóò sì máa pa á ní kúkúrú kúkúrú, torí iṣẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn ni láti fa ọ̀rinrin inú yàrá. Àwọn rìmóòtù kan tún ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ I FEEL tàbí Follow Me sí. Bí wọ́n bá ti tẹ ìyẹn, inú rìmóòtù ni AC yóò ti máa gba ìwọ̀n ooru, kì í ṣe láti ara ògiri mọ́. Rìmóòtù tó wà lórí tábìlì tí atẹ́gùn AC ń fẹ́ sí tààrà yóò máa sọ pé yàrá ti tutù. Ẹ pa I FEEL tàbí Follow Me yẹn. Ní ti 18 tí ẹ gbé e sí, kò ràn yín lọ́wọ́. AC tí kì í ṣe inverter, bákan náà ni agbára tó fi ń ṣiṣẹ́ bó wà ní 18 tàbí 25. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ ibi tí yóò ti dúró ni. AC 1.5HP, tó jẹ́ nǹkan bíi 12,000 BTU, tó yàrá yín. Ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ ló fa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tó wà lẹ́yìn ìdérí yẹn.

Nínú AC split, sẹ́ńsọ̀ méjì àti bọ́ọ̀dù tó ń ka ohun tí wọ́n wí ló ń ṣe iṣẹ́ tẹ́mósítáàtì. Sẹ́ńsọ̀ kìíní ń wọn afẹ́fẹ́ yàrá. Orí rẹ̀ kéré bí ẹ̀wà, ó dúdú tàbí kó dà bí róbà líle, ó sì máa ń jókòó sínú kílíìpù oníke kékeré níwájú kọ́ìlì, ìyẹn àwọn páípù àti irin pẹlẹbẹ tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù, lẹ́yìn fílítà, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọwọ́ ọ̀tún. Sẹ́ńsọ̀ kejì ń wọn kọ́ìlì fúnra rẹ̀; orí tirẹ̀ jẹ́ bàbà, wọ́n sì tì í bọ inú páípù bàbà kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ́ìlì. Bọ́ọ̀dù kò mọ̀ bóyá ẹ̀ ń làágùn. Ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá wí ló gbà.

Bí sẹ́ńsọ̀ kìíní bá ti yọ kúrò nínú kílíìpù rẹ̀, tí orí rẹ̀ wá sinmi lé kọ́ìlì, ìwọ̀n ooru kọ́ìlì ni yóò máa kà. Kọ́ìlì lè wà ní nǹkan bíi 10°C nígbà tí yàrá wà ní 30. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á sọ fún bọ́ọ̀dù pé yàrá ti tutù ju 18 lọ, bọ́ọ̀dù á sì pa ẹ̀rọ ìta. Lẹ́yìn tí kọ́ìlì bá móoru padà, yóò tún tàn án. Ìṣẹ́jú 8 sí 10 tí ẹ kọ yẹn bá èyí mu gan-an. Nígbà tí ọmọ yín gbé ìdérí sókè tó sì fa fílítà jáde, ó ṣeé ṣe kí wáyà sẹ́ńsọ̀ náà sún kúrò lára kọ́ìlì, kí afẹ́fẹ́ yàrá sì máa kọjá lára rẹ̀ láìsí ìdènà. Nígbà tí ẹ dé e padà, ìdérí tún tì í padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń fọ AC máa ń fa sẹ́ńsọ̀ yìí kúrò kí omi má bàa bà á jẹ́, wọn a sì gbàgbé láti fi í sí kílíìpù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn fífọ̀ kan ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ ti rí ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò.

Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tí ìdérí fi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí eruku bá ti dí fílítà, afẹ́fẹ́ kò ní tó lórí kọ́ìlì. Kọ́ìlì á tutù kọjá ààlà, á bẹ̀rẹ̀ sí í di yìnyín, sẹ́ńsọ̀ kejì á sì sọ fún bọ́ọ̀dù pé kó pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kí yìnyín má bàa bo gbogbo rẹ̀. Gáàsì tó kéré náà máa ń fa irú yìnyín bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ àkọ́kọ́ kò fi jẹ́ ìsọkúsọ pátápátá. Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀ rèé: ọmọ ti fọ fílítà. Bó bá jẹ́ pé lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú fílítà tó mọ́, AC padà sí ìwà rẹ̀, fílítà kọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀rọ ìta bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí kọ́ìlì. Bí ẹ bá rí yìnyín funfun, pàápàá ní apá kan ṣoṣo nígbà tí apá kejì gbẹ, ẹ fura sí gáàsì. Bí gbogbo rẹ̀ bá kàn rin fún omi láìsí yìnyín, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀ yàrá.

Ẹ tún wo òkè AC náà. Ó yẹ kí àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà láàárín rẹ̀ àti àjà. Bí kọ́tìnnì tàbí orí wọ́dúróòbù bá ń dá atẹ́gùn tútù padà sínú rẹ̀ kó tó yí yàrá ká, sẹ́ńsọ̀ tó dá ṣáṣá pàápàá yóò purọ́.

Sẹ́ńsọ̀ tó yọ, ẹ lè dá a padà fúnra yín. Ẹ pa iná láti bíréékà, kì í ṣe láti rìmóòtù nìkan, torí iná ṣì wà lórí bọ́ọ̀dù nígbà tí rìmóòtù bá ti pa á. Ẹ gbé ìdérí sókè, ẹ fa fílítà méjèèjì jáde, ẹ wá orí sẹ́ńsọ̀ náà. Kílíìpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé e kúrò lára irin kọ́ìlì pátápátá. Bí kílíìpù bá ti ṣẹ́, okùn oníke tí wọ́n fi ń di wáyà tó láti so ó mọ́ ara férémù, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kan kọ́ìlì. Ẹ má fi téèpù lẹ orí rẹ̀. Téèpù á dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, sẹ́ńsọ̀ náà á sì di ọ̀lẹ.

Bó bá wà ní ipò rẹ̀ ṣùgbọ́n tí AC ṣì ń dákẹ́, a ó wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ oníṣẹ́ ni èyí, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kó ṣe é níṣojú yín. Lẹ́yìn tí ó bá ti pa iná láti bíréékà, tó ti dúró ìṣẹ́jú 5, yóò tú sìkúrúù ara AC, yóò ya fọ́tò bọ́ọ̀dù kó lè mọ ibi tí ohun gbogbo wà, yóò sì fa ẹnu wáyà sẹ́ńsọ̀ náà kúrò lára bọ́ọ̀dù. Kí ó yí mítà tó fi ń wọn iná sí 20k níbi ìdènà iná (óòmù). Kí ó má fi ìka di orí sẹ́ńsọ̀ tàbí ẹnu mítà mú, torí ooru ara yóò yí ohun tó kà padà.

Sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyí máa ń dín agbára ìdènà iná wọn kù bí ooru bá ń pọ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ iye wọn ní 25°C: àwọn tó wọ́pọ̀ jẹ́ kílò-óòmù 5 àti 10, ṣùgbọ́n 15 àti 20 náà wà. Nínú yàrá tó wà ní 30°C, ti 10 yóò ka nǹkan bíi 8, ti 5 yóò ka nǹkan bíi 4. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú ife, ẹ fi yìnyín kún un dáadáa, ẹ ri orí sẹ́ńsọ̀ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3. Kí ó yí mítà sí 200k. Ti 10 gbọ́dọ̀ gòkè dé bíi 28 sí 34, ti 5 dé bíi 14 sí 16. Kì í ṣe ìparí nìkan ni kí ẹ máa wò. Ó gbọ́dọ̀ gòkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìfò. Bí nọ́ńbà bá ń ta kiri, tó fò láti 12 sí 40 tó tún padà, wáyà rẹ̀ ti ń já nínú tàbí omi ti wọ orí rẹ̀.

Ohun tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ń fà yàtọ̀ síra. Bí ẹnu wáyà bá ti dípẹtà, ìdènà iná yóò pọ̀ sí i, bọ́ọ̀dù á rò pé yàrá tutù, AC á máa tètè dákẹ́. Irú tiyín nìyẹn. Ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu wáyà náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà kó mú dáadáa, kí ẹ tó ra nǹkan tuntun. Bí omi bá wọ orí sẹ́ńsọ̀, ìdènà máa ń dín kù, bọ́ọ̀dù á rò pé yàrá ń jó, AC á ṣiṣẹ́ mọ́jú láìdúró. Bí wáyà bá já pátápátá tàbí tí méjèèjì bá kan ara wọn, ọ̀pọ̀ AC á kọ àmì àṣìṣe sójú rẹ̀ tàbí kí iná kékeré máa ṣẹ́jú. Àmì náà yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn. Fún àpẹẹrẹ, Gree máa ń fi F1 hàn fún sẹ́ńsọ̀ yàrá, F2 fún ti páípù. Ẹ wo ìwé tó bá AC yín wá.

Bó bá jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló kú lóòótọ́, owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti gáàsì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti bọ́ọ̀dù. Àmọ́ ibí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá lọ sí ìsọ̀ tó kàn ní "ẹ fún mi ní sẹ́ńsọ̀ AC" lè gbé èyí tí kò bá bọ́ọ̀dù mu wá, torí gbogbo wọn jọra lójú. Ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀: bí wọ́n bá fi ti 5 sí bọ́ọ̀dù tó ń retí 10, nínú yàrá tó wà ní 25°C bọ́ọ̀dù á rí i bíi 41, AC kò ní dákẹ́ láéláé. Bí wọ́n bá fi ti 10 sí bọ́ọ̀dù tó ń retí 5, á rí yàrá 25 yẹn bíi 8 tàbí 9, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò tilẹ̀ ní gbéra. Nítorí náà, kí ó gbé ti àtijọ́ dání lọ sí Pánṣẹ́kẹ tàbí ibikíbi tó bá ti fẹ́ rà á, kí ó fi mítà wọn tuntun níbẹ̀ kí ó tó sanwó. Kí ó má sì wo sẹ́ńsọ̀ páípù láti fi mọ iye ti yàrá, torí nínú AC mìíràn iye wọn kì í dọ́gba. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá wọlé, kí ó gé ẹnu ti àtijọ́, kí ó fi ìjórin kékeré so wáyà pọ̀, kí ó sì bo ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó má kàn lọ́ wọ́n pọ̀, torí omi inú AC á dípẹtà ojú náà kí ọdún tó yí po.

Ó ku apá kejì: bí ẹ bá lọ síta tí ẹ rí i pé fáànù ń yí, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ti dákẹ́. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnì kankan nínú ilé ṣí ẹ̀rọ ìta. Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ máa ń pa iná mọ́ra lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa bíréékà, ó sì lè gbá èèyàn burúkú.

Iná ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Kí wọ́n wọn ín lẹ́nu AC gan-an nígbà tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́. Iná tó ka fóòtì 215 nígbà tí gbogbo nǹkan wà ní pípa lè já sí 175 bí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ bá gbéra, pàápàá lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan nǹkan wọn, tàbí bí wáyà tó ń gbé iná wá bá tẹ́ẹ́rẹ́. Wáyà 2.5mm² ló yẹ AC 1.5HP, láti bọ́ọ̀dù iná tààrà, kì í ṣe láti ẹnu ẹ̀kísténṣọ̀n. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀ ju 200 lọ, ẹ nílò sitẹbiláísà, 3,000 VA ni kí ẹ fi balẹ̀ rà, èyí tó ní ìdádúró ìṣẹ́jú 3. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì ń pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ju ọjọ́ ogbó lọ.

Kàpásítọ̀ ló tẹ̀ lé e. Iye rẹ̀ wà lára rẹ̀, fún 1.5HP ó sábà máa ń wà láàárín 35 sí 50 µF. Lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti sọ iná inú rẹ̀ nù, kí ó wọ̀n ọ́n: bí 40 bá ti di 36, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Iye kan náà, fóòtì 450, kò gbọ́dọ̀ kéré sí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ti wú lórí, ẹ kò nílò mítà fún un.

Ìdọ̀tí ló kàn. Ní Abẹ́òkúta, eruku ọyẹ́ àti eruku ọ̀nà tí wọn ò tíì dà ní ọ̀dà máa ń di ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìta bí aṣọ. Ẹ̀rọ ìta tí wọ́n gbé sí àárín ògiri ilé àti àpáta, irú èyí tó pọ̀ nínú ìlú wa, tún ní wàhálà tirẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tu síwájú máa ń gbá àpáta padà sínú rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 15 ni kó wà lẹ́yìn rẹ̀, iwájú sì gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ tó mítà kan, ó kéré tán. Ẹ pa iná, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi omi tí kò le fọ kọ́ìlì ẹ̀yìn rẹ̀ lóṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi tó le jù máa ń tẹ irin pẹlẹbẹ rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì ní kọjá mọ́.

Ní ti gáàsì, AC kì í jẹ gáàsì. Inú páípù tí wọ́n dí ló ń yí po, kì í tán bí epo jẹnẹrétọ̀. Bí wọ́n bá fi kún un lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù méjì, nínú méjì kan ni: yálà ó ń jò tí ẹnikẹ́ni kò wá ibi tó ti ń jò, tàbí kò tilẹ̀ dín rí, tí wọ́n sì ti fi gáàsì lé gáàsì. Ìkejì yìí burú, torí gáàsì àlékún máa ń gbé ẹrù lé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lórí títí ofalóòdù yóò fi já a. Ó lè jẹ́ pé àìsàn kan lẹ ní tẹ́lẹ̀, tí ẹ ti ní méjì báyìí.

Ẹ bi oníṣẹ́ yín pé irú gáàsì wo ló fi sí i, kí ẹ sì wo ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ ìta. R22, R410A àti R32 kò gbọ́dọ̀ dàpọ̀. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu páípù ńlá R22 sábà máa ń ka 60 sí 75 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń ti páípù), ti R410A àti R32 máa ń ka bíi 110 sí 140. Ẹni tó bá fi ojú R22 wo R410A yóò rò pé ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ní òdì, yóò máa tú gáàsì sínú rẹ̀ ṣáá. Ọ̀nà tó tọ́ fún tiyín nísinsìnyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ olómi wá ibi tó ń jò nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀, láti ojú nọ́ọ̀tì bàbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó so páípù mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n fa gbogbo gáàsì inú rẹ̀ jáde sínú sílíńdà, kí wọ́n dí ibi tó ń jò, kí wọ́n fi pọ́ńpù fa afẹ́fẹ́ inú páípù fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, kí wọ́n sì fi òṣùwọ̀n wọn iye gíráàmù tó wà lára àkọlé ẹ̀rọ ìta sínú rẹ̀. Oníṣẹ́ tí kò bá ní òṣùwọ̀n àti pọ́ńpù kò tíì lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí gáàsì yín bá jẹ́ R32, kí wọ́n má jó páípù nígbà tó ṣì wà nínú rẹ̀, torí ó lè gbiná.

Àwọn tó ń ka èyí tó jẹ́ AC ojú fèrèsé àtijọ́ ni tiwọn, tẹ́mósítáàtì tiwọn jẹ́ ti gidi: kókó tí ẹ ń yí, pẹ̀lú páípù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìpẹ̀kun rẹ̀ wà níwájú kọ́ìlì. Bí páípù yẹn bá ṣẹ́, gáàsì kékeré inú rẹ̀ á jáde, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kò sì ní gbéra mọ́ láéláé. Pẹ̀lú iná ní pípa, ẹ yọ wáyà méjèèjì, ẹ yí kókó sí ibi tó tutù jù: nínú yàrá gbígbóná, mítà gbọ́dọ̀ dún. Ẹ ri ìpẹ̀kun rẹ̀ bọ omi yìnyín, ó gbọ́dọ̀ já. Bó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ní inverter, tiyín yàtọ̀ sí gbogbo ìdánwò fáànù tí mo sọ lókè, torí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín ń dín eré kù dípò kó dákẹ́. Sẹ́ńsọ̀ nìkan ni ẹ lè wọ̀n bí mo ṣe wí. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ìta rẹ̀ ń gbé iná tó lé ní fóòtì 300 pamọ́, kì í ṣe ibi tí a ń ti ọwọ́ bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní kí ẹ rà. Ọ̀nà kan wà tí oníṣẹ́ fi lè fi hàn yín pé òun ló bàjẹ́, kó má jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bí sẹ́ńsọ̀ yàrá bá jẹ́ ti 10, kí ó fa á kúrò, kí ó sì fi rẹ̀sísítọ̀ (ohun kékeré tí ìdènà iná rẹ̀ kì í yí padà) kílò-óòmù 10 sí ààyè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti 5, kí ó lo 4.7. Bọ́ọ̀dù á gbà pé yàrá wà ní 25 sí 27°C, kò sì ní yí padà. Ẹ dá iná padà, ẹ gbé rìmóòtù sí 18. Bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí láìdákẹ́, tí atẹ́gùn tó ń jáde sì tutù ju èyí tó ń wọlé lọ ní 8 sí 12°C, bọ́ọ̀dù yín dá ṣáṣá, sẹ́ńsọ̀ ni kí ẹ rà. Bó bá ṣì dákẹ́ ní ìṣẹ́jú 10, fáànù ìta pẹ̀lú rẹ̀, tí kò sí yìnyín lórí kọ́ìlì, tí sẹ́ńsọ̀ páípù sì kọjá ìdánwò omi yìnyín, nígbà náà ni kí ẹ gbà pé bọ́ọ̀dù ni. Kí ó yọ rẹ̀sísítọ̀ yẹn kúrò kó tó lọ, torí AC tó bá wà lórí rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí yàrá tutù.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé orí bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti AC yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí, tí wọ́n fẹ́ lo yunifásà, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi AC, ó máa ń bá sẹ́ńsọ̀ méjì àti rìmóòtù tirẹ̀ wá nínú páálí. Sẹ́ńsọ̀ inú páálí yẹn ni kí wọ́n lò, àní bí ti àtijọ́ bá ṣì dára, kí orí rẹ̀ sì jókòó sínú kílíìpù níwájú kọ́ìlì, láìkàn án.